Iceland fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀: èwo ni kí ẹ lọ wò, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí Iceland. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sí oṣù kejì ọdún, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ oṣù keje, a kó àwọn ọmọ dání, a sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lewisham, ní London, ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: kí la máa lọ wò níbẹ̀ gan-an? Èsì mi kì í tètè tẹ́ wọn lọ́rùn, torí èmi náà á kọ́kọ́ bi wọ́n: ọjọ́ mélòó lẹ ní? Oṣù wo lẹ ń lọ? Ta ni yóò wa ọkọ̀?

Kò sí ibi tí ẹ yà sí ní orílẹ̀-èdè náà tí ẹ ò ní rí àpáta dúdú, omi tó ń já láti òkè, àti èéfín tó ń yọ nínú ilẹ̀. Nínú fọ́tò, wọ́n jọra wọn bí ìbejì. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe jìnnà tó, àti bóyá ọ̀nà ibẹ̀ ṣí lásìkò tí ẹ ń lọ. Ẹni tó bá fi fọ́tò nìkan yan ibi tó ń lọ, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo ìsinmi rẹ̀ tán. Ọ̀nà tó yí orílẹ̀-èdè náà ká nìkan ju kìlómítà 1,300 lọ. Mo mọ ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́rin yí i po. Ohun tó rántí jù ni ilé epo.

Golden Circle tàbí etíkun gúúsù?

Àwọn méjì yìí ni ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń yàn láàárín wọn. Golden Circle jẹ́ ọ̀nà kan tó yípo láti Reykjavík, olú-ìlú wọn, nǹkan bíi kìlómítà 250 lápapọ̀. Ẹ lè jáde láàárọ̀ kí ẹ sì padà wá jẹun alẹ́.

Þingvellir ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dúró sí (lẹ́tà Þ yẹn, ẹ ti ahọ́n bọ àárín eyín kí ẹ tó pè é). Láti ọdún 930 ni àwọn baba ńlá wọn ti ń pé jọ síbẹ̀ láti ṣòfin àti láti dájọ́, ní gbangba, láìsí òrùlé lórí ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ti ń ya: abala ilẹ̀ ti Àríwá Amẹ́ríkà ń fà sápá kan, ti Yúróòpù àti Éṣíà ń fà sápá kejì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ́dún. Ògiri àpáta gíga tí ẹ ń rìn lẹ́bàá rẹ̀, ẹ̀bá ilẹ̀ tó ya náà ni. Nínú ọ̀kan lára àwọn ibi tó ya, tí wọ́n ń pè ní Silfra, omi mọ́ débi pé ẹni tó wọ inú rẹ̀ lè ríran kọjá ọgọ́rùn-ún mítà. Omi ọ̀hún kì í gbóná ju ìwọ̀n 4 Celsius lọ, lọ́jọ́ òjò, lọ́jọ́ òòrùn. Àwọn òyìnbó wọ aṣọ rọ́bà, wọ́n sì wọ̀ ọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró lókè, à ń ṣàdúrà fún wọn.

Geysir ló kàn, níbi tí orúkọ gbogbo orísun omi tó ń tú sókè láyé ti wá. Geysir fúnra rẹ̀ ti dàgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Strokkur, àbúrò rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni gbogbo èèyàn ń wò. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tètè gbé fóònù sókè. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú omi náà. Yóò máa wú, yóò máa pẹlẹ́, bí àyà ẹni tó ń sùn. Lójijì, àárín rẹ̀ á wú sókè róbótó bí ìsàlẹ̀ igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, á mọ́ gara, á ní àwọ̀ búlúù, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ́. Omi gbígbóná á fò tó mítà 15 sí 20 sójú ọ̀run, nígbà míràn kọjá bẹ́ẹ̀. Omi tó wà nísàlẹ̀ ihò náà ti gbóná kọjá ibi tí omi ti ń hó, ìwúwo omi tó wà lórí rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kó hó; bí ìwọ̀nba bá ti rí àyè sá jáde lókè, ìyókù á hó lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ló ń ṣe é, kò sí pé ẹ pẹ́ dé. Ẹ ṣáà má dúró síbi tí atẹ́gùn ń gbá lọ. A dúró síbẹ̀. Aṣọ wa rùn bí ẹyin jíjẹrà títí dé òtẹ́ẹ̀lì.

Ní Gullfoss, odò Hvítá ń já wọ inú kòtò gbọọrọ ní ìpele méjì, mítà 32 lápapọ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò fẹ́ fi omi náà ṣe iná mànàmáná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Sigríður Tómasdóttir bá wọn fà á. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé ó lérí pé òun á bẹ́ sínú omi náà. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lẹ́bàá omi náà lónìí.

Ohun tí mo gbádùn jù lójú ọ̀nà yìí kò sí nínú àwọn mẹ́ta náà. Ní abúlé Laugarvatn, wọ́n ń ri búrẹ́dì mọ́lẹ̀ létí adágún. Ọkùnrin kan mú ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ iyanrìn dúdú tí omi ń hó nínú rẹ̀, ó fa ìkòkò irin kan yọ, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì ń ṣèéfín. Wákàtí 24 ló ti wà nílẹ̀. Búrẹ́dì náà dúdú, ó dùn bíi kéèkì, ó sì kì pọ́pọ́. Wọ́n fi bọ́tà tó ti ń yọ́ àti ẹja sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ní àwọn ló ni ilẹ̀ yìí, mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Sátidé kò ní ná wọn ní gáàsì.

Etíkun gúúsù ní agbára ju Golden Circle lọ, ó sì jìnnà jù ú lọ. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi ńlá méjì ló wà lójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó 60 mítà. Seljalandsfoss ni ẹ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kí ẹ máa wo ayé láti inú aṣọ omi. Ẹ wọ aṣọ òjò gidi. Skógafoss ní àtẹ̀gùn tó lé ní 500 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí, ẹ̀rín ló máa fi gun èyí. Lẹ́yìn náà ni abúlé Vík, àti Reynisfjara, etíkun tí iyanrìn rẹ̀ dúdú bí èédú nítorí pé àpáta òkè ayọnáyèéfín ló lọ̀ kúnná.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Reynisfjara. Èèyàn ti kú síbẹ̀, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ìgbì á máa wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ ó rò pé ẹ ti mọ ibi tó ń dé. Lójijì ni ọ̀kan á wọ́ kọjá gbogbo àwọn tó ṣáájú, á gbé ẹni tó kẹ̀yìn sókun torí fọ́tò. Ibi tó gbé e lọ tutù, ó sì jìn. Wọ́n gbé iná ìkìlọ̀ síbẹ̀ bíi ti ojú pópó: bó bá pupa, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi rárá. Ọmọ yín kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Mo rí ìyá kan tó jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rin máa sáré lé ìgbì, mo sì pariwo mọ́ ọn lédè Yorùbá kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó gbọ́ mi yé.

Bí ẹ bá tún ń lọ síwájú, ẹ ó dé Jökulsárlón, adágún tí òkìtì yìnyín ńláńlá ń léfòó nínú rẹ̀ títí omi á fi gbé wọn wọ òkun, tí ìgbì á tún da àfọ́kù wọn padà sórí iyanrìn dúdú. Kò sí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi kìlómítà 370 ló fi jìnnà sí Reykjavík, wákàtí márùn-ún ní àlọ, márùn-ún ní àbọ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì kan ń tà á gẹ́gẹ́ bí ìrìn ọjọ́ kan. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ lásìkò òtútù, nígbà tí ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹ tó débẹ̀ tàbí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà: ẹni tó ní ọjọ́ kan kó lọ sí Golden Circle. Ẹni tó ní ọjọ́ méjì kó lọ sí gúúsù, kó sùn ní Vík tàbí kọjá ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni èmi fúnra mi tún lè rí láyé, gúúsù ni.

Omi gbígbóná: Blue Lagoon, tàbí èyí tí kò gbówó lórí?

Blue Lagoon lókìkí, kò sì jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe adágún àdámọ́. Omi tí ilé iṣẹ́ amúnáwá Svartsengi ń fà látinú ilẹ̀ tó sì ń tú síta ló kóra jọ sínú àpáta, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀ nínú rẹ̀. Ó lẹ́wà, n kò ní parọ́. Omi aláwọ̀ wàrà, èéfín, àpáta dúdú yí i ká. Ẹ gbọ́dọ̀ ti sanwó kí ẹ tó wá, ó sì wọ́n.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí. Èròjà funfun inú omi yẹn máa ń mú irun gan ni bí igi. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fi kọ̀ǹdíṣọ́nà kun irun yín dáadáa, ẹ dì í sókè, ẹ má tẹ orí bọmi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Sky Lagoon, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, wà létí Reykjavík gan-an, ó kọjú sí òkun. Bí ẹ bá fẹ́ gbádùn lálẹ́ kan láì wakọ̀ jìnnà, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Blue Lagoon lọ. Secret Lagoon ní abúlé Flúðir kéré, ó ti wà láti ọdún 1891, ó sì bá ọ̀nà Golden Circle mu. Èyí tí kò gba owó ìwọlé ni Reykjadalur, odò gbígbóná kan nínú àfonífojì lẹ́yìn ìlú Hveragerði. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ín, ju kìlómítà mẹ́ta lọ, ó sì gun òkè. Owó ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan lẹ ó san. Kò sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, igi pákó lásán ni wọ́n fi ṣe ìdábùú tí ẹ ó fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń tijú kó má lọ.

Ìtìjú náà tún kan àwọn adágún ìwẹ̀ ìlú, tó jẹ́ ibi tí àwọn ará Iceland fúnra wọn ń lọ, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Òfin wọn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ra sí ìhòòhò kí ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ kí ẹ tó wọ omi, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kan. Kò sí ẹni tó ń wo ẹnì kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ẹ ó ti gbàgbé.

Níbo lẹ ti fẹ́ rí iṣẹ́ iná: Reykjanes tàbí Heimaey?

Reykjanes ni ilẹ̀ tí pápákọ̀ òfurufú wà lórí rẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ni iná kò fi yọ látinú ilẹ̀ níbẹ̀, títí di oṣù kẹta ọdún 2021 tí òkè Fagradalsfjall là. Gbogbo èèyàn tú jáde lọ wò ó bí ẹni lọ wo eégún. Ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n kó gbogbo ará ìlú Grindavík jáde lálẹ́, nǹkan bí èèyàn 3,800, nígbà tí ilẹ̀ ń mì tí kò dúró. Ní oṣù kìíní tó tẹ̀lé e, àpáta yíyọ́ wọ inú ìlú, ó jó ilé mẹ́ta. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023, iná ti yọ lọ́pọ̀ ìgbà nítòsí ibẹ̀, Blue Lagoon sì ti tì, ó ṣí, ó tún tì. Nítorí náà, ẹ yẹ ìkéde ìjọba wò láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ má tẹ̀lé ohun tí ẹ kà lóṣù tó kọjá, títí kan èyí tí mò ń kọ yìí.

Ohun kan tún wà ní Reykjanes tí ìwé ìrìn-àjò kì í sọ. Bí ẹ bá rí orí ẹja tí wọ́n so rọ̀ lọ́pọ̀ yanturu sórí igi gbọọrọ, tí òórùn rẹ̀ sì bá yín nínú ọkọ̀, ọjà wa ni yẹn. Nàìjíríà ló ń ra orí ẹja gbígbẹ Iceland jù. Wọ́n tún ń fi ooru abẹ́ ilẹ̀ gbẹ ẹ́ nínú ilé. Stockfish tí ẹ ń rò mọ́ ẹ̀fọ́ nílé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkè ayọnáyèéfín ló gbẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká dúró ká ná an.

Heimaey jẹ́ erékùṣù. Ẹ ó wakọ̀ bí wákàtí méjì lọ sí èbúté Landeyjahöfn, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé yín kọjá ní bí ogójì ìṣẹ́jú. Ní òru ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1973, ilẹ̀ ya lẹ́yìnkùlé àwọn ará ibẹ̀. Èèyàn bí 5,300 ló wà lórí erékùṣù náà. Ìjì tó jà lọ́jọ́ tó ṣáájú ti dá gbogbo ọkọ̀ apẹja dúró sí èbúté. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ló kó wọn sá kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí àpáta yíyọ́ ń wọ́ lọ di ẹnu èbúté pa, wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi òkun lù ú fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ó fi dì. Èbúté náà ṣì wà. Òkè tuntun tó yọ lọ́jọ́ náà, Eldfell, ẹ lè gùn ún láàárín wákàtí kan. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Eldheimar, wọ́n gbẹ́ ilé kan jáde látinú eérú, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo dúró síwájú ilé ìdáná rẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Bó bá sì bọ́ sí ìparí oṣù kẹjọ, ẹ ó rí àwọn ọmọdé tó ń gbé páálí kiri lóru. Ọmọ ẹyẹ puffin ni wọ́n ń ṣa. Iná ìlú ń tàn wọ́n jẹ, wọ́n ń já sójú títì. Àwọn ọmọ á gbé wọn sùn nílé, láàárọ̀ wọ́n á jù wọ́n sókè létí òkun kí wọ́n máa fò lọ.

Reykjanes ló rọrùn, Heimaey ni kò ní kúrò lọ́kàn yín.

Snæfellsnes tàbí àríwá?

Èyí wà fún ẹni tó ti rí gúúsù. Snæfellsnes, ilẹ̀ tó nà wọ òkun níhà ìwọ̀-oòrùn, gba ọjọ́ kan tàbí méjì, ó sì ní díẹ̀díẹ̀ nínú ohun gbogbo: òkè Kirkjufell tó rí ṣóńṣó, òkè ayọnáyèéfín tí yìnyín bò lórí, abúlé apẹja. Ní Djúpalónssandur, òkúta mẹ́rin wà tí àwọn apẹja ayé àtijọ́ fi ń dán ara wọn wò: kílò 154, 100, 54 àti 23. Ẹni tí kò bá lè gbé èyí tó jẹ́ 54, kò sí iṣẹ́ fún un nínú ọkọ̀. Orúkọ èyí tó kéré jù túmọ̀ sí aláìwúlò. Mo gbé e. Ẹ má bi mí nípa àwọn yòókù.

Àríwá jìnnà: wákàtí márùn-ún nínú ọkọ̀ dé ìlú Akureyri, tàbí ìṣẹ́jú 45 nínú bàálù. Ẹ̀san rẹ̀ ni Mývatn, níbi tí ẹrẹ̀ ń hó lórí ilẹ̀ pupa, ni Dettifoss, omi tó ga tó mítà 44 tó ń mi ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ni àbùùbùtán tí ẹ ó wò ní Húsavík. Goðafoss, ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi mìíràn níbẹ̀, ló fà mí mọ́ra jù. Ní nǹkan bí ọdún 1000, wọ́n ní kí Þorgeir, tó ń ka òfin ní Þingvellir tó sì jẹ́ abọ̀rìṣà, dájọ́ bóyá kí ìlú di Kristẹni. Ó lọ dùbúlẹ̀ lábẹ́ aṣọ fún ọ̀sán kan òru kan. Nígbà tó dìde, ó ní kí gbogbo wọn ṣe ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bọ òrìṣà rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lè bọ ọ́. Ìtàn sọ pé inú omi yìí ló da àwọn ère rẹ̀ sí. Ìpinnu bẹ́ẹ̀, àwọn àgbààgbà wa mọ irú ẹ̀ dáadáa.

Ìgbà wo?

Ní oṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú. Ẹ ó ríran wakọ̀ láago méjìlá òru. Ẹyẹ puffin wà, ọ̀nà òkè àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí ṣí, fún ọkọ̀ alágbára tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (4x4) nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń jó lójú sánmà, torí ojú ọ̀run kò dúdú. Ìyẹn di oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ihò yìnyín aláwọ̀ búlúù náà, ìgbà òtútù ni tirẹ̀, pẹ̀lú amọ̀nà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, yìnyín ya lu àwọn àlejò nínú ọ̀kan, ó sì pa èèyàn kan. Ní oṣù kejìlá, wákàtí mẹ́rin péré ni òòrùn fi ń wà lókè ní Reykjavík. Bí ẹ bá ń kó ọmọ dání, ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì, tí ẹ fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ náà, oṣù kẹsàn-án ni mo máa yàn: òru ti padà, ọ̀nà kò tíì dì.

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, kódà bí ẹ bá ní ìwé ìgbélùú Britain. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ àyálò tàbí bọ́ọ̀sì?

Lásìkò òtútù, bí ẹ ò bá tíì wakọ̀ lórí yìnyín rí, ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yá ọkọ̀; ó ń dín owó kù bí ẹ bá tó mẹ́ta. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà wọ inú pápá, owó ìtanràn rẹ̀ á pa yín lára.

Atẹ́gùn wọn ni kí ẹ bẹ̀rù. Kí ẹ tó gúnlẹ̀, ẹ wo ibi tó ti ń fẹ́, kí ẹ gbé imú ọkọ̀ kọjú sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú bí ẹ bá ń ṣí i. Èmi fi ọwọ́ kan ṣí tèmi nítòsí Vík. Atẹ́gùn gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn títí ó fi kọ́ ìyẹ́ ọkọ̀, irin rẹ̀ sì ké. Ìbánigbófò (ìnṣọ́ránsì) tí mo san kò kan ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn bá ṣẹ́. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, ní lẹ́tà wínníwínní. Mo san án. Di òní, bí mo bá fẹ́ sọ̀ nínú ọkọ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Lewisham, tí ewé kankan kò mì, ẹ̀gbọ́n mi á pariwo láti ẹ̀yìn pé: "Ọwọ́ méjèèjì o!"